Nurikabe, Ògiri Adínà Tí Ó Di Aláàbò

Láàrin ọ̀kẹ́ àìmọye iwin tí àwọn ará Jàpáànù ń sọ ìtàn wọn fún ọmọ láti ìran dé ìran, iwin oníwo àti iwin onírù, èyí tí ń gbé inú odò àti èyí tí ń gbé orí òkè, ọ̀kan wà tí kò ní ìwo, tí kò ní ìrù, tí kò gbé idà, tí kì í sì í pa ohùn dà láti fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Ògiri ni, ògiri gbàgbà tí ń dúró sí àárín ọ̀nà lóru, Nurikabe sì ni orúkọ rẹ̀. Òun ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí, nítorí pé ọmọ tí ó bá ń wo kàtúùnù Jàpáànù lè pàdé rẹ̀ níbẹ̀ nígbàkigbà, òkúta ńlá olójú wínníwínní méjì, tí ń fi àyà rẹ̀ gba ohun tí ọ̀tá bá jù sí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Òbí sì pọ̀ láàrin wa tí ó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti gbọ́ pé iwin ni, wéré ni wọn yóò pa tẹlifíṣọ̀n, tí wọn yóò ní ẹ̀mí àìmọ́ ti fẹ́ wọlé àwọn. N kò bá wọn wí nítorí pé wọ́n ń ṣọ́ ọmọ wọn, nítorí ẹni tí kò bá ṣọ́ ọmọ rẹ̀, ayé yóò bá a ṣọ́ ọ sí ibi tí kò fẹ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti ṣẹ̀ wá kí á tó dá a lẹ́jọ́, èmi sì gbà tọkàntọkàn pé ìtàn ògiri yìí jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀bùn tí ó níyì jù lọ tí ẹni tí ó ti ojú ogun bọ̀ fi fún àwọn ọmọdé.

Ní etí òkun Onga, ní ìpínlẹ̀ Fukuoka, ní erékùṣù Kyushu tí ó wà ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Jàpáànù, ni wọ́n ti ń sọ ọ́ pé bí ènìyàn bá ń dá rìn lóru, ó lè ṣàdédé rí i pé ọ̀nà tí òun ń tọ̀ bọ̀ ti di ògiri níwájú òun: bí ó bá yà sí ọ̀tún, ògiri, bí ó bá yà sí òsì, ògiri, bí ó bá ní kí òun gùn ún, kò mọ ibi tí orí rẹ̀ parí sí. Ìbẹ̀rù a mú arìnrìn-àjò náà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀pá lu ògiri náà lókè pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, ṣùgbọ́n asán ni, nítorí bí ó ti ń lù ú tó ni ògiri ń dúró gbọn-in gbọn-in tó. Ìmọ̀ràn àwọn àgbà ibẹ̀ ni pé kí ó yé lu òkè, kí ó tẹ̀ ba, kí ó fi ọ̀pá gbá ìdí rẹ̀ nísàlẹ̀, ògiri yóò sì pòórá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀ rí. Ní ìpínlẹ̀ Kochi, ní erékùṣù Shikoku, irú rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní nobusuma, ìmọ̀ràn ti ibẹ̀ sì tún rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ: kí ẹni tí ó bá bá a pàdé jókòó jẹ́ẹ́, kí ó fi iná sí ìkòkò tábà rẹ̀, kí ó fà á títí ọkàn rẹ̀ yóò fi balẹ̀, ọ̀nà yóò sì là fúnra rẹ̀. Àwọn baba wa ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko. Ẹni tí ó bá mọ òwe yìí kò ní rò pé ìtàn àwọn ará Onga ṣàjèjì sí òun.

Yanagita Kunio, ọ̀mọ̀wé tí ó fi ìpìlẹ̀ ẹ̀kọ́ nípa ìtàn àti àṣà àbáláyé lélẹ̀ ní Jàpáànù, ni ó kọ ọ̀rọ̀ ògiri náà sílẹ̀ nínú àkójọ orúkọ àwọn iwin tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ jáde ní 1938, ọdún kan náà tí ìwé Ògbójú Ọdẹ nínú Igbó Irúnmalẹ̀ ti olóògbé D. O. Fágúnwà kọ́kọ́ jáde nílẹ̀ wa níhìn-ín. Gbólóhùn díẹ̀ péré ni Yanagita kọ lórí Nurikabe. Kò ya àwòrán rẹ̀, kò ní ó ní ojú tàbí ẹsẹ̀, kò ní ó fẹ́ràn ẹnikẹ́ni tàbí pé ó kórìíra ẹnikẹ́ni. Bí ó ti gbọ́ ọ ni ó ṣe sọ ọ́, ó sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni èyí, bí ó tilẹ̀ kéré lójú, nítorí ohun tí a kò bá kọ sílẹ̀ kò sí bí ọmọ tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò ti rí i gbé dìde.

Ẹni tí ó gbé e dìde ni Mizuki Shigeru. Ní 1922 ni a bí i ní ìlú Osaka, ṣùgbọ́n Sakaiminato, ìlú àwọn apẹja ní etí òkun ìpínlẹ̀ Tottori, ni ó ti dàgbà; níbẹ̀ ni ìyá arúgbó kan tí wọ́n ń pè ní NonNonBa ti tọ́ ọ sọ́nà nínú ìmọ̀ iwin, tí ó ń fi àbàwọ́n ara àjà ilé hàn án pé ipa ahọ́n iwin tí ń lá àjà lóru ni. Ọmọ tí irú ìyá bẹ́ẹ̀ bá tọ́, kò sí ibi tí yóò dé láyé tí kò ní máa wo igun ilé fínnífínní. Ní 1943 wọ́n mú un wọ iṣẹ́ ológun, wọ́n sì kó o lọ sí Rabaul ní erékùṣù New Britain, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Papua New Guinea lónìí, níbi tí ebi, ibà àti bọ́ǹbù ti ń pín àwọn ọmọ ogun Jàpáànù láàrin ara wọn.

Wọ́n rán ẹgbẹ́ kékeré tí ó wà nínú rẹ̀ lọ sí ibùdó kan tí ń jẹ́ Baien. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ kan, ó kàn án láti ṣọ́nà, awò ọ̀nà jíjìn sì wà lójú rẹ̀ tí ó fi ń wo àwọn ẹyẹ odídẹrẹ́ tí ń fò nínú igbó, tí ẹwà wọn mú kí ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó lọ jí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ìgbà náà gan-an ni ọ̀tá dé, tí wọ́n ya lu àgọ́ náà, tí wọ́n sì pa gbogbo àwọn tí ó wà níbẹ̀ láìku ẹnì kan. Òun nìkan ni ó yè é. Ó bẹ́ sínú òkun, ó sá wọ igbó, ó sì ń rìn lójú ọ̀nà àìmọ̀ láti wá ibi tí àwọn ọmọ ogun yòókù wà. Nínú igbó yìí, lóru, nínú òkùnkùn biribiri tí ènìyàn kò lè rí ọwọ́ ara rẹ̀, ni ó ti kọlu ohun kan tí kò lè kọjá. Nígbà tí ó ń rò ó lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ó ní ńṣe ni ó dà bí ọ̀dà dúdú tí ó dì: ó tì í, kò mì, ó yà sí ọ̀tún, ó yà sí òsì, bákan náà ni. Àárẹ̀ mú un, ó jókòó, ó sinmi díẹ̀. Nígbà tí ó tún dìde, kò sí nǹkan kan níwájú rẹ̀ mọ́, ó sì bá ọ̀nà rẹ̀ lọ. Kò mọ orúkọ ohun tí ó dá a dúró nígbà náà. Ìgbà tí ó padà sílé, tí ó ka ìwé Yanagita, ni ó tó mọ̀ pé àwọn ará Onga ti bá a pàdé ṣáájú òun.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí ó dé bá a nígbà tí ó dé ọ̀dọ̀ àwọn tirẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ kò kí i kú ewu, kò ní a dúpẹ́ pé orí kó o yọ; ìbéèrè tí ó bi í ni pé kí ni ó ṣe tí ó fi sá wá ilé nígbà tí gbogbo ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kú, ó sì jẹ́ kí ó yé e pé kí òun náà múra láti kú ní ìgbà tí ó bá tún kàn. Kò pẹ́ sí i tí ibà fi dá a dùbúlẹ̀, bọ́ǹbù láti ojú ọ̀run sì bá a níbi tí ó dùbúlẹ̀ sí ní 1944, ó sì gba apá òsì rẹ̀ lọ. Gbogbo àwòrán rẹ̀ tí ayé mọ̀ lónìí, ọwọ́ ọ̀tún kan ṣoṣo ni ó fi yà á. Àwọn ará Tolai, àwọn ọmọ onílẹ̀ New Britain, ni ó ṣoore fún un ní àkókò náà. Wọ́n fún un ní oúnjẹ, wọ́n fi í ṣe ọ̀rẹ́, débi pé nígbà tí ogun parí wọ́n rọ̀ ọ́ pé kí ó bá àwọn jókòó, àwọn yóò fún un nílẹ̀ tí yóò fi dáko.

Àwa náà ní òwe kan tí ó sọ pé ikú yá ju ẹ̀sín lọ, òwe akọni sì ni, n kò sì ní bú u. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá fẹ́ pa òwe yìí, ọrùn ara rẹ̀ ni kí ó pa á mọ́. Kò sí ẹni tí a fún láṣẹ láti máa fi í lé ọmọ ọlọ́mọ lọ sí ibi ìparun. Èyí ni àwọn ọ̀gá ogun Jàpáànù ṣe: wọ́n sọ ikú di ọ̀ṣọ́, wọ́n ní kí odindi ẹgbẹ́ ọmọ ogun rọ́ lu ọ̀tá kí wọ́n sì ṣègbé lọ́jọ́ kan, ẹni tí ó bá sì ṣèèṣì yè, wọ́n kà á sí ẹlẹ́ṣẹ̀. A kì í fi ọmọ Ọrẹ̀ bọ Ọrẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n fi ọmọ ilẹ̀ wọn bọ ilẹ̀ wọn. Ní 1973 Mizuki tẹ ìwé àwòrán kan jáde lórí irú ẹgbẹ́ ọmọ ogun bẹ́ẹ̀ ní New Britain, àwọn tí a pàṣẹ pé kí wọ́n lọ kú, tí àwọn kan kò kú, tí a sì tún dá wọn padà pé dandan ni kí wọ́n kú nítorí pé ìròyìn ikú wọn ti dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà. Ó sì sọ fúnra rẹ̀ pé ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ohun tí ó wà nínú ìwé náà ni ó ṣẹlẹ̀ lóòótọ́.

Ìdí tí mo fi ro ìtàn yìí gùn tó bẹ́ẹ̀ ni pé láìsí i, Nurikabe inú kàtúùnù kò lè yé ẹnikẹ́ni. Ohùn méjì ni Mizuki gbọ́ ní ojú ogun. Ti ọ̀gá rẹ̀ ní kí ó máa lọ síwájú, kí ó lọ kú. Ti ògiri inú òkùnkùn kò sọ ọ̀rọ̀ kan, ṣùgbọ́n ó dá a dúró, ó mú un jókòó, ó jẹ́ kí ó mí. Nígbà tí ó wá kan ọkùnrin yìí láti mú nǹkan fún àwọn ọmọdé ilẹ̀ rẹ̀, ògiri ni ó mú fún wọn. Bí mo ti rí i nìyẹn, kò sì sí ohun tí mo kà nípa ayé rẹ̀ tí ó lòdì sí i.

Ìtàn Kitaro tí Mizuki fi Nurikabe sí nínú, ìtàn ọmọkùnrin olójú kan tí a bí sí ibojì, tí baba rẹ̀ kò ju ẹyinjú kan tí ó ní ọwọ́ àti ẹsẹ̀ lọ, ti wà ṣáájú Mizuki. Láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn onítàn tí ń gbé àwòrán orí pátákó kiri òpópónà lórí kẹ̀kẹ́ ti ń sọ irú rẹ̀ fún àwọn ọmọdé. Mizuki ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jẹun lẹ́yìn ogun, ó sọ Kitaro di ìwé àwòrán ní 1960, ìwé ìròyìn àwọn ọmọdékùnrin gbà á ní 1965, ilé iṣẹ́ Toei sì sọ ọ́ di kàtúùnù lórí tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1968, èyí tí wọ́n tún ti ṣe lákọ̀tun ní 1971, 1985, 1996, 2007 àti 2018. Kò sí ìran kan ní Jàpáànù láti ìgbà náà tí kò mọ̀ ọ́n.

Ohun tí ó wù mí jù ni irú àwọn tí Mizuki kó yí ọmọ náà ká. Ìwé Yanagita ni ó ṣí, ó sì ṣa àwọn tí ènìyàn ń sá fún. Ittan-momen, ọ̀já aṣọ funfun tí ń fò lóru ní ìpínlẹ̀ Kagoshima, tí ń wé mọ́ ojú ènìyàn títí èémí rẹ̀ yóò fi tán; Konaki-jiji ti Tokushima, arúgbó tí ń sunkún bí ọmọ ọwọ́ lórí òkè, tí ẹni tí ó bá ṣàánú rẹ̀ gbé e yóò rí i pé ó ń wúwo sí i, ó ń wúwo sí i, kò sì ní jẹ́ kí á sọ òun kalẹ̀; Sunakake-baba ti Nara, ìyá arúgbó tí ń da yanrìn sí àwọn tí ń kọjá lára; àti Nurikabe. Gbogbo wọn pátá ni ó fún ní iṣẹ́. Ọ̀já tí ń pa ènìyàn di ohun tí Kitaro ń gùn lójú ọ̀run. Ìwúwo arúgbó di ohun tí ń tẹ ìkà mọ́lẹ̀. Ògiri adínà sì di ògiri tí ń dúró láàrin aláìlágbára àti ẹni tí ó fẹ́ jẹ ẹ́ run, adúró-gbọn-in-bí-àpáta, afàyà-gba-òkò-ẹlòmíràn, adákẹ́-má-fọ́nnu, ẹni tí ó jẹ́ pé bí ogun bá dé tí gbogbo ènìyàn ń pariwo, orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni ó sábà máa ń dá lẹ́nu. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ inú rẹ̀. Ògiri yìí kì í lanu.

Nígbà mìíràn àwọn aṣekàtúùnù a mú kí ó wó lu ọ̀tá, tàbí kí ó rẹ́ wọn mọ́ ara rẹ̀ bí bíríkìlà ti ń rẹ́ símẹ́ǹtì mọ́lé, wọn a sì di ọ̀kan pẹ̀lú rẹ̀. Ó ń dùn mọ́ àwọn ọmọdé, mo mọ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ni iyì rẹ̀ wà lójú tèmi. Àwọn oníjà kún inú kàtúùnù ayé fọ́fọ́. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kí ó dúró kí ẹlòmíràn lè sá lọ kò pọ̀. Ìgbà tí Nurikabe bá dúró, tí iná ń bà á, tí kò yẹsẹ̀, ni ìtàn rẹ̀ súnmọ́ igbó New Britain jù lọ.

Àwọn kan wà tí wọ́n ń sọ pé Mizuki ba ìṣẹ̀ṣe jẹ́, pé iwin tí ń dẹ́rù bani kò gbọdọ̀ di ọ̀rẹ́ ọmọdé, àti pé ojú tí ó fi sí ògiri kò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn baba ńlá. N kò fara mọ́ wọn. Ní 2007 àwọn olùwádìí rí i pé nínú àkájọ àwòrán àtijọ́ kan tí ó wà ní yunifásítì Brigham Young ní Amẹ́ríkà, ẹranko funfun olójú mẹ́ta kan wà tí a kọ Nurikabe sí lára. Ẹranko kan náà wà nínú àkájọ mìíràn tí a yà ní 1802, níbi tí kò ti ní orúkọ. Kò sí ẹni tí ó lè fi gbogbo ẹnu sọ pé ẹranko yìí àti ògiri Onga jẹ́ ọ̀kan náà. Ohun tí ó hàn gbangba ni pé ṣáájú kí a tó bí Mizuki ni ọwọ́ ayàwòrán kan ti fún orúkọ yẹn ní ojú, kì í tilẹ̀ ṣe méjì, mẹ́ta ni. Láti ayébáyé ni ìtàn ti ń para dà lọ́wọ́ ẹni tí ń sọ ọ́; ohun tí ó yẹ kí á bi onítàn ni bóyá ó mọ ti àtijọ́ kí ó tó yí i padà. Mizuki mọ̀ ọ́n. Ó kà á nínú ìwé, ó sì tún fi àyà ara rẹ̀ gbá a.

Sí ẹ̀yin òbí tí ẹ̀rù iwin ń bà, ọ̀rọ̀ mi kò pọ̀. Ẹ bá ọmọ yín jókòó, ẹ jọ wò ó. Kò sí ẹni tí ó ń bọ Nurikabe nínú kàtúùnù yìí, kò sí ẹni tí ó ń rúbọ sí i. Ẹ ó rí i pé ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ kò yàtọ̀ sí èyí tí àwọn ìyá wa fi àlọ́ kọ́ wa lábẹ́ òṣùpá. Ní Sakaiminato, àwọn ará ìlú Mizuki ti fi idẹ mọ ère àwọn iwin rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ títì kan tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ère tí kò dín ní 177, Nurikabe sì wà lára wọn. Ní ọdún 2015 ni Mizuki kú, ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún, lẹ́yìn ọdún mọ́kànléláàádọ́rin tí apá rẹ̀ ti kú ní Rabaul.

Bí a bá wá bi mí pé kí ni ó kan Yorùbá nínú ogun àwọn ará Jàpáànù, èmi yóò dáhùn pé àwọn ọmọ wa wà ní apá kejì ogun náà. Isaac Fadoyebo, ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún nígbà tí ó wọ iṣẹ́ ológun ní 1942; ní oṣù kẹta ọdún 1944 àwọn ọmọ ogun Jàpáànù ba dè wọ́n ní odò Kaladan ní Burma, ìbọn fọ́ ọ lẹ́sẹ̀, ó sì bà á níkùn, wọ́n sì fi òun àti Sájẹ́ǹtì David Kagbo, ọmọ Sierra Leone, sílẹ̀ sínú igbó. Àgbẹ̀ Mùsùlùmí kan tí ń jẹ́ Shuyiman ni ó ń gbé oúnjẹ lọ fún wọn, tí ó sì gbà wọ́n sínú ilé ara rẹ̀ lẹ́yìn náà, láàrin aya àti ọmọ rẹ̀, nígbà tí ó mọ̀ dájú pé bí àwọn ará Jàpáànù bá rí wọn, gbogbo agboolé òun ni yóò bá a lọ. Ó tó oṣù mẹ́sàn-án kí àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó dé ní oṣù Kejìlá. Fadoyebo fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìtàn yìí, a tẹ̀ ẹ́ ní 1999. Ní 2011 ọkùnrin akọ̀ròyìn kan gbé lẹ́tà ìdúpẹ́ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ Shuyiman, ọdún tí ó tẹ̀lé e ni Fadoyebo sì dágbére fáyé.

Àwọn ọ̀dọ́ wa tí ń ṣe kàtúùnù ti ń pọ̀ sí i ní Èkó, ọwọ́ wọn sì dá ṣáṣá. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo sì ń bẹ àwọn ọlọ́rọ̀ tí ń náwó sórí fíìmù, kí wọ́n gbé ìtàn ọmọ Ẹ̀múrẹ́-Ilé yìí, kí wọ́n lọ gba àṣẹ lọ́wọ́ ìdílé rẹ̀, kí wọ́n sì sọ ọ́ di kàtúùnù ní èdè Yorùbá, kí ọmọ tí ó bá ti rí ògiri Mizuki lè rí Shuyiman pẹ̀lú.